Ilẹ̀kùn Mẹ́rìnlá tí A Lẹ̀ Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ẹ má wulẹ̀ wá ibi tí mo ti ṣe dáadáa nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mò ń ṣe é, inú mi sì dùn. Àwọn kan máa ń sọ pé èṣù ló ti àwọn. Èṣù kankan ò tì mí jàre. Inú ló bí mi.

Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Mushin, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ta pákó, níbi tí eruku igi ti máa ń bá èèyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọkùnrin méjì kan wà, ọmọ àdúgbò ni wọ́n, wọn kì í dákẹ́ ẹ̀rín. Èmi ni ẹnì kẹrin. Ẹnì karùn-ún ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, títí kan Ọ̀gá fúnra rẹ̀, torí ó fi bí ọdún mẹ́wàá ju Ọ̀gá lọ. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rí ní Ìwáyà, ó pàdánù rẹ̀, ló bá di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn ò sì bímọ. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó ń jí lọ láràárọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Ìwáyà yẹn. Nígbà tí ibẹ̀ dàrú, òun náà ló mú mi dání wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ẹ má tíì máa sọ pé “ó mà ṣe o.” Tí mo bá wọn igi tí kò bára mu, ọkùnrin yẹn á ní kí n na ọwọ́, á sì fi igi tí mo wọ̀n yẹn gan-an gbá mi lórí ìka. Ìka àárín mi lọ́wọ́ òsì ò tọ́ títí dòní. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò gbọ́ “o ṣeun” lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣe ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì tó dà bíi tirẹ̀ ní gbogbo Mushin.

Ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Igi mẹ́rin ni férémù rẹ̀, gígùn méjì, kúkúrú méjì. A máa fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò tóóró sí inú igi kọ̀ọ̀kan, láti orí dé ìdí, inú ihò yẹn ni etí puláíwúùdù máa wọ̀ yípo. A ó kọ́kọ́ so igi mẹ́ta pọ̀, a ó rọra ti puláíwúùdù wọlé láti òkè, bí ẹni ń ti lẹ́tà bọ inú àpò rẹ̀, ká tó wá fi igi kẹrin dé e. Gọ́ọ̀mù ló máa gbá gbogbo rẹ̀ mú. Tó bá ti gbẹ, ó ti parí nìyẹn, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá burú, àfi kéèyàn fọ́ ọ.

Puláíwúùdù sì ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Iwájú mọ́, ìlà ara igi rẹ̀ lọ geere. Ẹ̀yìn ni gbogbo àléébù máa ń wà: kókó igi, ibi tó dúdú, àtàwọn ibi tí wọ́n ti fi ègé mìíràn dí ihò, tó rí bí ẹni lẹ pílásítà mọ́ egbò. Tó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ máa kùn ún, kò sí wàhálà, ọ̀dà á bò ó. Àmọ́ tí oníbàárà bá ní fáníìṣì lòun fẹ́, pé òun fẹ́ máa rí igi, ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ bọ́ síta láé.

Ọ̀gá wá ní òfin kan. Ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́, òun náà ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ, lójú gbogbo wa, lójú oníbàárà náà tó bá wà níbẹ̀. Ọ̀gá ò ní bú ẹ, kò ní nà ẹ́. Òòlù ló máa gbé fún ẹ. Ó ti gbé e fún mi rí nítorí àpótí aṣọ kan, mo sì sunkún bí ọmọdé, èmi tí mo ti ní irùngbọ̀n.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú Ẹ̀gbọ́n ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na téèpù sí mi: “Kà á fún mi, gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi.” Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ mọ́ tónítóní. Ó ń fi àtàǹpàkò wá ìlà tí òun fúnra rẹ̀ fi pẹ́ńsù fà. Ó kọsẹ̀ lára àga tó ti wà lójú kan náà láti bí ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, mo kàn na ọwọ́ mi síwájú ojú rẹ̀, mo ń jù ú síwá-sẹ́yìn. Kò ṣẹ́jú.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ṣe yín?”

Ó fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó. Ó wá ní, “Wọ́n ní lọ́sibítù pé omi ló ń fún ojú mi pọ̀ látinú. Wọ́n ní èyí tó ti lọ ti lọ. Tí Ọ̀gá bá fi lè gbọ́ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ṣé o gbọ́ mi? Kò sí ibòmíràn tí mo lè lọ.”

Òótọ́ ló sọ. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù yẹn, ayùn oníná ti gé ìka ẹnì kan níbẹ̀, Ọ̀gá sì ti búra pé ẹni tí ara rẹ̀ ò bá pé ò ní dúró ti ẹ̀rọ òun mọ́. Mo bá sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kó fọkàn balẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iwájú férémù ò ṣòro fún un, torí apá iwájú nìkan la máa ń fá etí rẹ̀ kó má mú, ìka Ẹ̀gbọ́n sì máa ń mọ̀ ọ́n. Puláíwúùdù ni wàhálà. Ẹ̀rọ ti dán iwájú, ó ti dán ẹ̀yìn, ọwọ́ lásán ò lè mọ èwo lèwo. Èmi ni mo wá ń to puláíwúùdù sí apá òsì rẹ̀, iwájú lókè. Á mú un bó ṣe wà, kò ní yí i, á tì í wọlé. Oṣù mẹ́jọ la fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Kò dúpẹ́ o. Ìgbà kan tí mo pẹ́ dé, ṣe ló ní mo fẹ́ pa òun.

Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn ni ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Kò kàn yín, mi ò ní sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni mo sọ fún, lọ́jọ́ kan tí àwọn yòókù ti lọ ilé. Mo rò pé bí mo ṣe ń pa àṣírí tirẹ̀ mọ́, á pa tèmi náà mọ́. Òmùgọ̀ ni mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin kan wá láti Surulere. Òun ló ni ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá kan tí à ń ṣe lọ́wọ́, ti ilé ìdáná rẹ̀, fáníìṣì ló fẹ́, kò gbọdọ̀ sí ọ̀dà lára rẹ̀ rárá. A ti gé férémù, a ti gé puláíwúùdù, ó kù ká lẹ̀ wọ́n pọ̀. Obìnrin náà ní òun á padà wá wò ó ní Sátidé. Ó wá na ìka sí mi. “Ṣé ẹni yìí ló máa so ó pọ̀?”

Kí Ọ̀gá tó lanu, Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn láti ìdí tábìlì rẹ̀.

“Èèwọ̀! Madam, ẹ má jẹ́ kí ẹni yìí fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yín o. Ohunkóhun tó bá so pọ̀, ó máa tú ni. Ẹ lọ bi ìyàwó ẹ̀ ní Ìkòròdú.”

Yéè! Ẹ wá wo ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì yẹn ṣubú sórí òkìtì èérún igi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Obìnrin náà fi fóònù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ta pákó ní òdìkejì wa ti ń pè mí ní Ó-Máa-Tú. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú tì mí débi pé mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú yàrá tí èmi nìkan wà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ọjọ́ Jímọ̀. Mùsùlùmí ni Ọ̀gá àtàwọn ọkùnrin méjì yẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí aago méjìlá ààbọ̀ bá ti lù, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á gba mọ́ṣáláṣí lọ, wọn kì í sì í dé títí di nǹkan bí aago mẹ́ta, torí wọ́n máa ń yà jẹun nílé ẹ̀gbọ́n obìnrin tí Ọ̀gá ní. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n la máa ń kù nílẹ̀, àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àsìkò yẹn la sì fẹ́ràn jù láti fi lẹ ilẹ̀kùn, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wo bí èmi ṣe ń to nǹkan síwájú rẹ̀.

Mo to puláíwúùdù mẹ́rìnlá náà. Mo tò ó dáadáa o, iwájú lókè, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mi ò tíì ní nǹkan kan lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ imú, ó ń po gọ́ọ̀mù, ara rẹ̀ yá gágá. Ó wá pè mí.

“Ó-Máa-Tú! Ṣé o ti tò ó tán?”

Òun náà! Ẹni tí mò ń fi ojú mi ràn lọ́wọ́ láti oṣù mẹ́jọ! Orí mi gbóná. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ òkìtì puláíwúùdù yẹn, mo gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì yí i dé.

“Mo ti tò ó tán, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà lókè pátápátá, ó sì dúró. “Ṣé iwájú ló wà lókè?”

Ó ti pẹ́ gan-an tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Kókó igi dúdú kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gangan, ó tóbi tó kọ́bọ̀ àtijọ́.

“Iwájú ni.”

“Ó dáa,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ ò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́. Á fi ìka wá etí férémù, á fi gọ́ọ̀mù sí inú ihò, kò ní pọ̀ jù, kò ní kéré jù, á ti puláíwúùdù wọlé láìfi òòlù kàn án, á fi igi kẹrin dé e, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á sì gbé e fún mi kí n fi kíláàmpù, irin tó ń há igi mọ́ra kí gọ́ọ̀mù fi gbẹ, dè é. Nígbà tí kíláàmpù tán, okùn la fi so àwọn tó kù, a fi igi lọ́ ọ títí ó fi le. Mo lè dá a dúró ní ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Mo lè dá a dúró ní ìkarùn-ún, kí n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì í tò.” Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ, a ṣì lè yọ ọ́. Mi ò dá a dúró. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú. Nígbà tó fi máa di ìkẹfà, ṣe ni mo ń gbádùn ẹ̀. Bó ṣe ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgbéraga yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ nínú mi pé, ó kù mẹ́jọ, ó kù méje.

Nígbà tó parí ìkẹrìnlá, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

“O ṣeun, àbúrò mi,” ló wí.

Ọjọ́ yẹn ló wá dúpẹ́! Ẹ gbà mí o, ọjọ́ yẹn gan-an! Inú tún wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo to àwọn ilẹ̀kùn náà lé ara wọn, mo fi iwájú gbogbo wọn délẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wá wà lókè, ibẹ̀ sì ni puláíwúùdù ti mọ́ bí awo tuntun. Ọ̀gá ti mọ́ṣáláṣí dé, ó wo èyí tó wà lókè bó ṣe ń kọjá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ò ní rọ.” Ẹ̀gbọ́n ní, “Àmín.”

Ní àárọ̀ Sátidé, obìnrin Surulere náà dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọ̀gá gbé ilẹ̀kùn tó wà lókè, ó tú kíláàmpù ara rẹ̀, ó nà án ró kó fi hàn án. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó yí i padà. Ó wò ó. Ó gbé èkejì, ó yí i. Ó gbé ẹ̀kẹta. Kókó igi àti ibi dúdú ló kún iwájú gbogbo wọn.

“Kí lèyí?” obìnrin náà béèrè. “Kí lèyí tó rí játijàti báyìí? Inú ilé ìdáná tèmi ni ẹ fẹ́ gbé èyí kọ́ sí?”

“Ẹ̀gbọ́n,” Ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ lọ sókè. “Ẹ wá wo iṣẹ́ yín.”

Ẹ̀gbọ́n wá. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo nǹkan. Ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka wá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí àléébù kankan, torí kò sí àléébù tí ọwọ́ lè bá níbẹ̀. “Ó gún régé,” ló wí. “Kí ló ṣe é?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo Ẹ̀gbọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Ta ló to puláíwúùdù?”

Mo tẹ ẹ̀yìn mọ́ ògiri. Gbólóhùn kan péré látẹnu Ẹ̀gbọ́n, èmi ló máa gbé òòlù. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Tí Ẹ̀gbọ́n bá ní èmi ni, Ọ̀gá á ní, “Ojú yín ńkọ́ nígbà tí ẹ̀ ń tì í wọlé?” Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Ìdí tí mo fi lè ṣe é nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n yí orí sí apá ibi tí mo dúró sí, kò yí i dé ọ̀dọ̀ mi tán.

“Èmi ni,” ló wí. “Mo kánjú ni, Ọ̀gá. Ẹ má bínú.”

Ọ̀gá gbé òòlù lé e lọ́wọ́. “Ẹ fọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n.” Bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un nínú ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ló tún burú jù.

Èyí àkọ́kọ́ fọ́ dáadáa. Ní èkejì, òòlù bọ́ sórí tábìlì. Ní ẹ̀kẹta, ó gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó gbá a gan-an, ẹ̀jẹ̀ jáde, kò ké. Ó tún gbé òòlù sókè, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn wá ibi tí ilẹ̀kùn wà, ó gbá afẹ́fẹ́. Ẹ̀rín tó ń lọ láti ẹ̀yìn dáwọ́ dúró. Obìnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó.” Ọ̀gá wá dúró síwájú Ẹ̀gbọ́n, ó di ìkúùkù, ó gbé e sókè ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí imú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ìka mélòó lẹ rí?”

Ẹ̀gbọ́n nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

“Mẹ́ta,” ló wí.

Àwọn ọkùnrin méjì yẹn tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín pa wọ́n débi tí wọ́n fi ń gbá ara wọn lẹ́yìn. “Mẹ́ta! Ó ní mẹ́ta!” Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó wá kọjú sí mi. “Ìwọ, fọ́ ìyókù. Láti Mọ́ńdè, ìdí tábìlì rẹ̀ ni wàá máa ti ṣiṣẹ́. Kí o tó fọ́ ọ, gbé àpótí rẹ̀ dé títì fún un, kó má lọ ṣubú sí gọ́tà.”

Ẹ̀gbọ́n kó irinṣẹ́ rẹ̀ láìṣi ọ̀kan mú. Ó mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà. Mo gbé àpótí náà, ó di èjìká mi mú, a jọ rìn kọjá lára àwọn oníṣòwò pákó, kò sí ẹni tó kí wa. Ìgbà tí a dé etí títì ló tó sọ̀rọ̀.

“Nígbà tí mo bi ẹ́ lánàá, o pẹ́ kí o tó dáhùn.”

Mo gbé àpótí náà sí ọwọ́ kejì.

“Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.”

Inú tún bí mi, ẹ gbọ́, inú ló bí mi! “Kí ló dé tí ẹ fi ń lẹ̀ ẹ́ lọ nígbà náà? Ẹ ò kúkú yadi. Kí ló dé tí ẹ ò bi ẹlòmíràn?”

“Ta ni?” ló wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. “Ta ni mo tún ní tí mo lè bi?”

Mo gbójú sókè, mo wo títì. Ọkọ̀ ń kọjá fìrìfìrì, ọ̀kadà ń já láàárín wọn. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó fi ọ̀rá búrẹ́dì há abẹ́ apá, òun náà fẹ́ sọdá. A dúró títí ọkọ̀ fi tán lápá ọ̀tún, tó tán lápá òsì. Títì dá, mo fi Ọlọ́run búra, ó dá pátápátá.

“Ọ̀nà ti dá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Kò gbé ẹsẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká mi, ó yí orí sí apá ibi tó ti ń gbọ́ ìró ọ̀rá búrẹ́dì yẹn.

“Ẹ jọ̀ọ́, màmá,” ló wí, “ṣé ọ̀nà ti dá?”

Obìnrin náà wò mí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ó ti dá, Bàbá,” ó dá a lóhùn, ó sì na ọwọ́ gba àpótí náà lọ́wọ́ mi.